Ìjàpá Tó Pariwo Mọ́ Yèyé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sínú ọkọ̀ ọmọ mi obìnrin ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, mò ń dúró dè é kó ra búrẹ́dì jáde. Ọkọ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké bí ẹyẹ, ó ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ó tún yí ohùn padà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Obìnrin tó ń sun àgbàdo kò gbé ojú sókè. Àwọn ọlọ́kadà ń bá àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù wọn lọ. Kò sí ẹnì kan tó bèèrè pé ta ló fọwọ́ kan nǹkan oníǹkan. Nígbà tí ọmọ mi dé, ó rí bí mo ṣe ń yọrùn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dá a lóhùn, aláàmù lásán ni." Aláàmù lásán, ẹ gbọ́ o. Mo ní kó wa ọkọ̀ kí a máa lọ, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò sì lè máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lójú títì.

Nígbà tiwa, bí ọkọ̀ bá ké ní Adó, àdúgbò á tú jáde. Mélòó tiẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń ké nígbà náà? Ní tèmi, ẹyọ kan ni mo mọ̀, tiwa ni, ọkọ mi ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó ń ké nínú rẹ̀. Àkúrẹ́ ṣì ni olú-ìlú wa nígbà yẹn, àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, tíṣà náà sì ti ń ra ọkọ̀. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní sáyẹ́ǹsì, èmi ń kọ́ àwọn kéékèèké. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní ìjàpá ni a rà, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí, aláwọ̀ ọsàn. Ẹlòmíràn ti lò ó kó tó kàn wá, ṣùgbọ́n ta ló bi wá? Mo máa ń jáde wò ó láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n jí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà jáde, ó rí ibi tí epo kán sí lórí ilẹ̀, kò rí ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn ọkọ mi kò ti balẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ nígbà náà ló ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn kan ń fi ṣéènì so sítẹ́rìnnì mọ́ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi àgádágodo tì í bí ẹni so àgbò ọdún. Àwọn mìíràn ń yọ rótọ̀, nǹkan dúdú kékeré kan nínú ẹ́ńjìnnì tó ń pín iná káàkiri. Bí kò bá sí níbẹ̀, olè lè yí kọ́kọ́rọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó, ọkọ̀ kò ní jí. Rótọ̀ ni ọkọ mi ń yọ. Inú àpò ló ń gbé e sí, ó sì fi epo rẹ̀ ba àwọn bùbá funfun tí èmi ń fi ọwọ́ ara mi fọ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tó fẹ́ ka Bíbélì fún ìjọ, ó ki ọwọ́ bọ àpò láti mú awò ojú, rótọ̀ ló yọ síta. Ó gbé e dání níwájú gbogbo ènìyàn. Èmi nìkan kọ́ ni mo fi gèlè bo ẹnu lọ́jọ́ náà.

Bóyá ìtìjú yẹn ló mú un sọ pé òun máa ṣe ohun tí yóò máa ṣọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó tẹ́ gbogbo irinṣẹ́ sórí tábìlì ìjẹun wa, ó ní kí n wá wò ó. Ìyàwó olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ohun tí olè kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kó ṣí ilẹ̀kùn. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá tì í; bí a bá ṣí i, bọ́tìnnì á yọ síta, ọ̀nà iná á pàdé, gílóòbù inú ọkọ̀ á sì tàn. Ọkọ mi ní bọ́tìnnì tó lè tan gílóòbù kò ní ṣàì lè fọn fèrè. Ó fa wáyà láti ibẹ̀ lọ bá fèrè ọkọ̀. Ṣùgbọ́n olè mìíràn kì í ṣí ilẹ̀kùn, ó lè máa ti ọkọ̀ lọ, ó lè yọ táyà. Nítorí ìyẹn, ó so irin róbótó kan mọ́ ẹnu sípíríǹgì tó rọ̀, ó sì fi òrùka bàbà yí irin náà ká láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, irin á dúró jẹ́ẹ́. Bí nǹkan bá mi ọkọ̀, irin á fì, á kan òrùka, iná á kọjá, fèrè á bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dákẹ́ àfi kí ẹni tó ni ín yí kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tó dá ihò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lókè táyà iwájú.

Síkúrù kan wà tó ń sún òrùka náà mọ́ irin tàbí kó sún un jìnnà. Bó bá jìnnà, etí ọkọ̀ á di. Bó bá sún mọ́ ọn jù, ọkọ̀ á máa gbọ́ ohun tí kò kàn án. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ ti mọ ibi tí ọkọ mi yí síkúrù náà sí. Ewúrẹ́ onílé wa fi ara ha ọkọ̀, ó ké. Máńgòrò já lé e lórí, ó ké. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́, ó ké. Gbogbo ìgbà tó bá ké ni àwọn ará àdúgbò ń jáde, tàgbà tèwe, pẹ̀lú igi àti àdá, ẹlòmíràn pẹ̀lú orógùn tó fi ń ro ọkà lọ́wọ́. Wọ́n á bá ewúrẹ́ níbẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kí wa kú ewu, wọ́n á padà sílé. Mo bẹ ọkọ mi pé kó tú síkúrù náà díẹ̀. Ó ní èmi kò mọ olè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá rẹ̀, torí òun ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbẹ́mọ ló ń gbé, oko ìrẹsì ló ń ṣe. Opó ni láti ìgbà èwe rẹ̀, ọkọ mi sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Látìgbà tí ọkọ mi ti wà ní kékeré ló ti ń sọ fún un pé ọkọ̀ òun ni yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Adó, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kì í ṣe lẹ́yìn. Ìlérí yẹn gan-an ló ra ìjàpá wa. A ti sọ fún ìjọ pé a máa dúpẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, aṣọ ti wà nílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ti gbọ́. Ọkọ mi ní bí Yèyé kò bá jókòó níwájú, òun kò dúpẹ́ kankan.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́ náà bí ọ̀sẹ̀ kan, a wa ọkọ̀ lọ sí Ìgbẹ́mọ kí Yèyé lè rí i kó sì súre fún un. Ilẹ̀ wa nìyí: ọkọ̀ tí ẹnì kan rà, gbogbo ará ilé ló rà á. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, wọ́n á fi ọwọ́ náà pa orí, wọ́n á ní tiwa náà á dé lọ́lá Ọlọ́run. Kí á tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọdé ti yí wa ká. Ọkọ mi rí ọwọ́ wọn, ó rí bí wọ́n ṣe ń fa wáyà rédíò tó yọ síta bí ìrù, ó yára yí kọ́kọ́rọ́ kékeré náà kí ohun tó ṣe lè máa ṣọ́ ọkọ̀, ó lé wọn sẹ́yìn. Ó wọlé lọ mu omi. Yèyé ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó ti wọ aṣọ mìíràn, ó ti fọ ọwọ́. Àwọn aládùúgbò ṣí ọ̀nà fún un. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí ọkọ̀, ó di ojú, ó ní, "Olúwa tó gbọ́ ẹkún mi..." Ibi tó dé nìyẹn tí ìjàpá fi figbe ta.

Ariwo náà kọjá ohun tí mo lè ṣàlàyé. Ọkọ mi sáré jáde, kọ́kọ́rọ́ kò bọ́ sí ihò, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá a nínú iyanrìn. Gbogbo òpópónà ti kún. Ọkùnrin aláwàdà kan láàárín èrò nawọ́ sí Yèyé, ó ní, "Olè rèé o!" Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó fi wọ́n nu ara ìró, ó yí padà, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

A bẹ̀bẹ̀ títí, a kò rí ojú rẹ̀. Láti inú yàrá ló ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò ní wọ ọkọ̀ náà láéláé, kó máa bá ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ, òun yóò máa gbàdúrà láti ilé. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ká ní ó ga ni, à bá mọ bí a ṣe máa tù ú. Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo ní kí ló dé tí Yèyé bínú tó báyìí nítorí àwàdà, ọkọ mi sì dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò sọ ọ́ fún mi rí látìgbà tó ti fẹ́ mi.

Ilé bàbá ọkọ mi ní Òkè-Ìlá, ní Adó níbí, ni Yèyé wà nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Òkú kò tíì tutù nílẹ̀ tí iyùn ìdílé fi sọnù. Àbúrò olóògbé dúró láàárín agbo ilé, ó nawọ́ sí opó ọ̀dọ́ yìí, ó sì pariwo olè títí àdúgbò fi tú jáde. Wọ́n tú ẹrù rẹ̀ síta lójú gbogbo ènìyàn. Wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a kó ẹrù náà padà. Yèyé pọn ọmọ rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìgbẹ́mọ, ilé bàbá tirẹ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n rí iyùn náà lókè àjà, níbi tí olóògbé fúnra rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹnu àwọn ọlọ́jà ni Yèyé ti gbọ́ ọ. Ará Òkè-Ìlá kankan kò wá sí Ìgbẹ́mọ wá sọ pé jọ̀ọ́. Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí Yèyé kì í fi í so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, bó ti wù kí òde pọ̀ tó.

 Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹni tí wọ́n pè ní olè lójú gbogbo ayé tí kò kú, ọmọ tó bí kò yẹ kó tún lọ ṣe ohun tí yóò pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó fi orí lé sítẹ́rìnnì, ó ń sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí a pàdánù oyún àkọ́kọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́yìn tí ilé ìwé parí, ó tú irin, sípíríǹgì àti òrùka náà kúrò lára ọkọ̀ lódindi, ó sì dì wọ́n sínú aṣọ ìnujú. A lọ sí Ìgbẹ́mọ. Ó gbé ọkọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlú, a fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, kí Yèyé má baà gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. A bá a lábẹ́ igi níbi tó ti ń fẹ́ ìrẹsì lórí atẹ. Kò lé wa. Ó ní kí n jókòó, ó da ìrẹsì díẹ̀ síwájú mi kí n máa ṣa òkúta rẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí èèpo, ó sì gbé nǹkan náà lé e lọ́wọ́.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣe bí olùkọ́. Ó ní irin nìyí, òrùka nìyí, bí nǹkan bá mì wọ́n, wọ́n á kan ara wọn. Yèyé gbé e sí etí, ó mì ín. Ó tún un mì. Ó fi ìka kan tọ́ irin náà, ó wò ó bó ṣe ń gbọ̀n.

Ó ní, "Ṣé kò mọ ọwọ́ ìyá yàtọ̀ sí ọwọ́ olè ni?"

Ọkọ mi ní, "Kò mọ̀ ọ́n, Yèyé. Gbogbo ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án, olè ni lójú rẹ̀. Èmi ni mo sì yí i débẹ̀."

Yèyé gbé atẹ. Ó fẹ́ ìrẹsì, ìyàngbò fò lọ. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ná ọjà. Bí wọ́n bá dá a padà sínú ọkọ̀, ṣé yóò tún máa ké? Ọkọ mi ní kò ní ké mọ́, òun máa sọ ọ́ nù. Yèyé ní òun kò bèèrè bóyá yóò sọ ọ́ nù. Ilẹ̀kùn ńkọ́, bí èèyàn bá jókòó sínú tó sì ṣí i fúnra rẹ̀? Ọkọ mi ní yóò ké. Ṣé àdúgbò á gbọ́? Mo bá wọn dá sí i níbẹ̀, mo ní Yèyé, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́, èmi tí ewúrẹ́ kò jẹ́ kí n sinmi ló ń sọ ọ́.

Ó dì í padà sínú aṣọ ìnujú, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀.

"Dá a padà sí àyè ẹ̀," ó ní. "Ẹ tètè wá gbé mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ulé ọkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé mi yà."

Ọkọ mi wò mí, mo wo ìrẹsì. Ta ló fẹ́ bi í pé kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Yèyé jáde nínú sányán tó ti rán láti ìgbà ìgbéyàwó wa, ọrùn rẹ̀ ṣófo bó ṣe máa ń ṣófo. Ó jókòó níwájú, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, kò sọ̀rọ̀ láti Ìgbẹ́mọ títí a fi wọ Adó. Èmi wà lẹ́yìn, mò ń rò ó. Ìjà ló fẹ́ ṣe ni, àbí èpè ló fẹ́ ṣẹ́? Nígbà tí a dé iwájú agbo ilé náà ní Òkè-Ìlá, ó ní kí ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí èmi náà sọ̀ kalẹ̀, kí a ti ilẹ̀kùn, kó sì yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọkọ mi yí i. Yèyé nìkan ló kù nínú ọkọ̀, ó gúnwà bí olorì. Ó ti tún gèlè ṣe kí a tó ti ilẹ̀kùn, kò mira. Ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Ìjàpá figbe ta. Wọ́n jáde láti gbogbo ojúlé, àwọn tó ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń wẹ ọmọ, àwọn ìyá àgbà tó rántí ojú rẹ̀ tí wọ́n sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Yèyé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ títí èrò fi pé. Nígbà náà ló mi orí sí ọmọ rẹ̀ pé kó pa á.

Ó ní, "Mo kí yín o, ará ulé ọkọ mi. Olè yín ló dé. Ọmọ yìí nìkan ni mo gbé lọ níbí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ó pé."

 Ojú ń tì mí fún wọn, inú mi sì ń dùn, mo ti lẹ́kún lójú láìmọ̀. Ọkọ mi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, àṣà sì burú, ó tún yí kọ́kọ́rọ́ náà láìronú kí fèrè lè máa ṣọ́ ọkọ̀. Yèyé rí i. Mo rí i pé ó rí i, kò sì sọ nǹkan kan.

Bàbá arúgbó kan tẹ̀pá bọ̀ láti ẹ̀yìn èrò, àwọn ènìyàn ń yà fún un. Òun ni àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tó pariwo níjọ́sí. Ojú rẹ̀ ti bàìbàì. Bóyá ohun tó mú un tọ ọkọ̀ lọ tààrà ni pé kò mọ ohun tó lè sọ fún ènìyàn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí àgbà ṣe ń ṣe, ó ní, "Tiwa náà á..." Fèrè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo agbo ilé ń wò ó, ó dúró sí àárín wọn tòun ti ọwọ́ tó nà sókè.

Ọkọ mi ti sáré dé ìdí ihò kọ́kọ́rọ́. Yèyé gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Jẹ́ kó ké díẹ̀."

Ó ké. Ó ké títí ọmọ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Yèyé mi orí, ọkọ mi sì pa á. Yèyé bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọ̀pá náà nílẹ̀, ó fi etí ìró nu eruku rẹ̀, ó fi í lé bàbá náà lọ́wọ́.

"Ẹ má dá a lóhùn, ọkọ mi," ó ní. "Kò mọ olè. Ariwo nìkan ló mọ̀ ọ́n pa, bíi tiyín."

Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kejì, ó gbé e padà sórí ọkọ̀, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e lórí. Ó ní kó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò já geere, ó bẹ Yèyé nínú àdúrà náà ju bó ṣe bẹ Ọlọ́run lọ. Ó gùn débi pé a pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, Yèyé kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi ṣe àmín.